Ìkíni Ìlà Mọ́kànlélógójì

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn láti máa dìde fún ènìyàn, ẹ fara balẹ̀, ìtàn yín ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀yin tí wọ́n sì ń dìde fún, ẹ jókòó dáadáa, nítorí n kò ní pọ́n yín lé níhìn-ín.

Ọ̀gá kan wà ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Oyè tó wà lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ gùn débi pé káfíńtà ní láti sọ ilẹ̀kùn kan di méjì kí ó tó lè gbà á. Lẹ́yìn rẹ̀, Ọ̀gá Ẹ-Dìde ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, torí pé kì í wọ yàrá kankan àfi tí Akọ̀wé rẹ̀ bá kọ́kọ́ wọlé, tó gbá àtẹ́lẹwọ́ méjì pọ̀, tó sì wí pé, "Ẹ dìde." Lọ́jọ́ kan, Akọ̀wé sọ bẹ́ẹ̀ nínú lífìtì. Àwọn mẹ́fà tó wà níbẹ̀ ti wà lórí ìdúró tẹ́lẹ̀, wọn kò mọ ohun tí wọn ì bá tún ṣe, ni gbogbo wọn bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí wọ́n lè rí ibi dìde. Inú Ọ̀gá dùn sí wọn gan-an lọ́jọ́ náà.

Iléeṣẹ́ yìí ní èdè kan. Kì í ṣe èdè tí à ń fi ẹnu sọ. Èdè tí à ń fi kọ iṣẹ́ fún ẹ̀rọ ni. Àwọn ẹnjiníà àtijọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ló dá a sílẹ̀, òun sì ni wọ́n fi kọ gbogbo ohun tí ìjọba ń lò, láti orí ẹ̀rọ tó ń pín nọ́ńbà fún àwọn tó tò sórí ìlà, títí dé orí àpótí kékeré tó ń ṣọ́ fíríìjì tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé sí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró ṣàlàyé díẹ̀, kí ẹ má baà sọ pé mo ń fi ọ̀rọ̀ awo dẹ́rù bà yín. Ẹ̀rọ kò gbọ́ ohun tí ènìyàn kọ. Ohun kan wà láàárín tí wọ́n ń pè ní atúmọ̀. Ènìyàn á kọ iṣẹ́, atúmọ̀ á kà á, á sì sọ ọ́ di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe. Àmọ́ ẹ̀rọ kò dọ́gba. Ohun tí ẹ̀rọ ńlá gbọ́ kọ́ ni fóònù gbọ́, ohun tí fóònù gbọ́ kọ́ ni àpótí ara fíríìjì gbọ́. Bí èdè náà bá máa dé orí ẹ̀rọ tuntun, a ní láti bí atúmọ̀ tuntun tó gbọ́ ti ẹ̀rọ yẹn. Ta ló máa bí i? Atúmọ̀ àtijọ́ ni, nítorí èdè yìí kan náà ni wọ́n fi kọ òun pàápàá. Ìyá á bí ọmọ, ọmọ á di ìyá. Ohun tó bá sì wà lára ìyá, kò sí bí kò ṣe ní hàn lára ọmọ.

Ìyá àgbà gbogbo wọn wà nínú ẹ̀rọ àtijọ́ kan nísàlẹ̀ ilé, ẹ̀rọ tó tóbi tó kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, tó máa ń kùn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kò sí ẹ̀rọ mìíràn láyé tó lè gbé ìyá àgbà yìí ṣiṣẹ́. Obìnrin kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ẹnjiníà ló ń tọ́jú rẹ̀. Obìnrin náà kì í pariwo, kì í yára bínú, ó sì máa ń ka nǹkan lẹ́ẹ̀mejì kó tó fọwọ́ sí i. Irú wọn kì í pẹ́ di ọ̀tá ọ̀gá.

Iṣẹ́ tó wà níwájú Ẹnjiníà lọ́dún tí mò ń wí yìí kò ṣeé fi ṣeré. Àwọn àpótí àtijọ́ tó ń ṣọ́ fíríìjì ti ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti ra tuntun, ṣùgbọ́n ara tuntun yàtọ̀, kò gbọ́ èdè iléeṣẹ́. Òun ló máa kó èdè náà dé orí wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sì jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré kan, níbi tí igba ọmọ ti ń gba abẹ́rẹ́ lóṣooṣù. Àpótí tiwọn ti kú. Gbogbo ààbọ̀ wákàtí ni Nọ́ọ̀sì máa ń ti ọwọ́ bọ inú fíríìjì láti mọ̀ bóyá ó ṣì tutù.

"Àbúrò mi," ló máa ń sọ lórí fóònù, "mo ti sọ ọwọ́ di ẹ̀rọ. Ìgbà wo ni ẹ̀rọ tiyín ń bọ̀?"

"Ó ń bọ̀, Àǹtí mi. Ẹ ṣáà má jẹ́ kó gbóná."

"Tó bá gbóná, gbogbo rẹ̀ ni a máa dà nù, àwọn ọmọ á sì pa dà sílé lásán. O sì mọ̀ pé àìsàn kì í dúró de ẹnì kankan."

Oṣù mẹ́jọ ni Ẹnjiníà fi ṣe é. Nígbà tí àpótí tuntun kọ́kọ́ ké pé, "Fíríìjì ti gbóná," nínú yàrá ìsàlẹ̀, ó jókòó, ó mu omi, ó sì sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gun òkè lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá láti gba ìfọwọ́sí, nítorí kò sí àpótí kan tó lè jáde kúrò nínú ilé láìjẹ́ pé Ọ̀gá fọwọ́ sí i.

Ọ̀gá Ẹ-Dìde gbọ́ ọ láìwò ó. Ó yí àga rẹ̀ sápá ọ̀tún, ó yí i sápá òsì, ó wá wí pé, "Ẹnjiníà, mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ̀rọ yìí máa ṣe. Ohun tí n kò tíì gbọ́ ni bí ẹ̀rọ náà ṣe máa mọ̀ pé èmi ni mo ṣe é."

"Sà?"

"Mo ní, bí ó bá ti ń jí, ta ló máa mọ̀?"

Ẹnjiníà ní ẹ̀rọ kì í mọ ènìyàn. Akọ̀wé tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnnì sáré bọ́ síwájú, ó tẹrí ba. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láàyè kí n sọ̀rọ̀ níwájú ìmọ̀. Ẹ̀rọ tí kò bá kí ẹni tó dá a, kò lẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ kò sì yẹ kó jáde nílé."

"O gbọ́?" ni Ọ̀gá wí. "Akọ̀wé kò kàwé kọ̀ǹpútà o, ṣùgbọ́n ó lóye."

Bí ìkíni ṣe wọ inú atúmọ̀ nìyẹn. Ìlà mẹ́rin péré ni lákọ̀ọ́kọ́: *Ẹ kú iṣẹ́, Olùdarí Àgbà, ìmọ̀ tó ń rìn lórí ilẹ̀, bàbá gbogbo bọ́tìnnì, ẹni tí ẹ̀rọ ń gbọ́ kó tó sọ̀rọ̀.* Atúmọ̀ á máa fi í sí ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo iṣẹ́ tó bá tú. Ẹnjiníà rò pé bí òun bá ti ṣe ìyẹn, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ má dá a lẹ́bi. Èèyàn dáadáa máa ń rò pé ìgbéraga ní òpin.

Ọ̀gá dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti yẹ ìkíni náà wò. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé oṣù mẹ́jọ tí wọ́n fi kó èdè dé orí ẹ̀rọ tuntun, ìpàdé kan ṣoṣo kò wáyé lórí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ Ìkíni ṣe ìpàdé mọ́kànlá. Olórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan mú ìlà tirẹ̀ wá, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí ìlà tòun kúrú ju tẹnìkejì lọ. Olórí ẹ̀ka àbò mú *akọni tí kòkòrò ẹ̀rọ ń sá fún* wá. Olórí ẹ̀ka iná mú *ẹni tó rẹ́rìn-ín tí iná dé* wá, ìgbà tó sì ń kà á ni iná lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ nínú òkùnkùn. Ẹnì kan tó ti ń wá ìgbéga láti ọdún mẹ́ta mú ìlà méje wá lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n gba gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí ìlà pé méjìdínlógójì, Ẹnjiníà tún gun òkè lọ.

"Ẹ̀yin ọ̀gá mi," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ mi. Àpótí ara fíríìjì kéré. Bátìrì rẹ̀ kò lágbára. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ló ń sùn, tó bá jí, ìṣẹ́jú méjì péré ló ń lò kó tó tún sùn. Nínú ìṣẹ́jú méjì yẹn ló ti ní láti wo fíríìjì, kó sì ké bó bá gbóná. Ìlà ìkíni kan ń gba ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Méjìdínlógójì ti jẹ ìṣẹ́jú méjì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà ló kù."

"Kí ló fẹ́ fi ìyókù ṣe?"

"Iṣẹ́ ni, sà. Mẹ́ta láti wo fíríìjì, mẹ́ta láti ké. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, sà. Àpótí yẹn kò lè gbé ju ohun tó gbé yìí lọ. Ẹ jẹ́ ká fi ìkíni sí ìparí."

Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ìwọ, bí ilẹ̀ bá mọ́ tí o jí nílé bàbá rẹ, ṣé ìgbà tí o bá gbálẹ̀ tán lo tó ń kí i?"

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti di tábìlì mú.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ náà, sà. Ṣùgbọ́n bí ilé bá ń jó nígbà tí mo jí ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ Ọ̀gá. Ó ń wo àwòrán ara rẹ̀ lára ògiri, àwòrán náà sì ń wò ó pa dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì ń jíròrò. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohun tó sọ kò jẹ mọ́ fíríìjì rárá. Ó ní òun mọ ayé. Ó ní bí òun bá kúrò lórí àga lọ́la, ẹni tó bá dé á yọ orúkọ òun. Nítorí náà, ó pàṣẹ pé kí ìkíni náà má ṣeé yọ mọ́ láéláé. Wọ́n lè fi kún un, Akọ̀wé á sì ní kọ́kọ́rọ́ àfikún lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sí ilẹ̀kùn tí àyọkúrò lè gbà. Bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ pa á rẹ́ nínú ìwé, kí atúmọ̀ máa dá a mọ̀, kó sì máa dá a pa dà sára ọmọ tó bá ń bí.

"Ó ṣeé ṣe?" ló bi í.

"Ó ṣeé ṣe, sà. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

"Ìgbà tí ó bá wọlé tán ni mo máa fọwọ́ sí àpótí rẹ."

Ẹnjiníà rántí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú fíríìjì. Ó wò ó lọ́kàn ara rẹ̀: bí òun bá kọ̀, àpótí kò ní jáde, bí òun bá gbà, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà á kù, mẹ́fà sì tó. Ó gbà. Ó ṣe é bí wọ́n ṣe ní kó ṣe é, láìsí àbùkù, nítorí kò mọ iṣẹ́ burúkú ṣe. Ọ̀gá fọwọ́ sí i. Àpótí lọ sí ọgọ́ta ilé ìwòsàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Nọ́ọ̀sì sì pè é láti dúpẹ́.

"Ẹ̀rọ yín lẹ́nu o. Ta tilẹ̀ ni ìmọ̀ tó ń rìn lórí ilẹ̀?"

"Àǹtí mi, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ ṣáà máa gbọ́ ìparí rẹ̀."

Ohun kan ṣoṣo ló fi Ẹnjiníà lọ́kàn balẹ̀. Ìyá àgbà tó wà nínú ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ kò ní ìkíni lára. Ó ti bí ọmọ rẹ̀ kí ìgbéraga yìí tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbàkígbà tí ọgbọ́n bá dé, wọ́n lè pa dà sọ́dọ̀ rẹ̀, kó bí atúmọ̀ mìíràn tí ara rẹ̀ mọ́.

Kò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni nígbà tí Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀ wá sísàlẹ̀ láti wo ọ̀nà tí Mínísítà máa gbà kọjá. Mínísítà fẹ́ wá ṣí iṣẹ́ tuntun náà ní Ọjọ́bọ̀. Ọ̀gá dúró níwájú ẹ̀rọ àtijọ́, ó tẹ́tí sí i.

"Kí ló ń kùn sí?"

Akọ̀wé ní ẹ̀rọ náà kò mọ ẹni tó dé ni. Ó ní òun ti kíyè sí i tipẹ́ pé ẹ̀rọ yẹn nìkan ni kì í kí ènìyàn nínú ilé yìí. Ọ̀gá bojú wo ìpẹtà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé e lọ fún àwọn tó ń ra irin. Nígbà tí Ẹnjiníà fi dé láti ibi oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n ti fi òdòdó sí ibi tó wà. Ó béèrè ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà, ó sáré tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n wọ́n ti tú ẹ̀rọ náà palẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó pa dà wá, ó jókòó ti àwọn òdòdó yẹn.

Ọjọ́bọ̀ pé. Ọ̀gá ti kọ̀wé sí gbogbo ilé ìwòsàn pé kí gbogbo nọ́ọ̀sì wá sí gbọ̀ngàn láìku ẹnì kan, kí àtẹ́wọ́ lè pọ̀. Wọ́n wá. Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà jókòó sí ìlà karùn-ún nínú aṣọ funfun. Lórí pèpéle, ẹ̀rọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, nítorí Ọ̀gá fẹ́ fi hàn pé èdè kan náà ti dé orí oríṣi mẹ́rin: ẹ̀rọ ńlá tuntun kan, fóònù kan, ẹ̀rọ tó ń tẹ nọ́ńbà sórí ìwé pélébé, àti fíríìjì kan pẹ̀lú àpótí rẹ̀. Mínísítà jẹ́ obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó jókòó síwájú, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan.

Ọ̀gá sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú méjìlá. Ó ní kí òun tó dé, ẹ̀rọ àti ẹ̀rọ kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò sùn fún oṣù mẹ́jọ. (Èyí jẹ́ òtítọ́ lápá kan: kò sùn lóru, ọ̀sán ló ń sùn.) Ó ní òun fúnra òun ló bí atúmọ̀ yìí, ìrora rẹ̀ sì pọ̀. Àwọn ìyá ọmọ tó wà lára àwọn nọ́ọ̀sì wo ara wọn.

"Ní báyìí," ló wí, "èmi yóò ṣí fíríìjì yìí sílẹ̀. Bí ó bá ti gbóná, ẹ ó gbọ́ bí àpótí mi yóò ṣe ké. Kí àwọn yòókù náà sì jí."

Ó ṣí fíríìjì. Ó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jí, gbogbo wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí i lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn kò dọ́gba. Ẹ̀rọ ńlá ń sáré kà á bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ já sílẹ̀, fóònù ń fà á, àpótí ń pè é ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ ìwé pélébé sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde gbọọrọ. Ọ̀gá di ojú, ó ń mi orí.

Ẹnjiníà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle ń kà á lọ́kàn nítorí ó ti mọ́ ọn lára. Ẹ̀rọ ńlá dé ìlà kejìdínlógójì, ibi tó yẹ kó dákẹ́ sí. Kò dákẹ́. Akọ̀wé ti fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà láti fi ya Ọ̀gá lẹ́nu. Ìlà mẹ́ta ló fi kún un, ó sì ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀rọ níbi gbogbo. *Òjìji tó tutù ju fíríìjì lọ.* *Òkè tí òkè ń wò lókè.* Èyí tó gbẹ̀yìn, tí ẹ̀rọ ńlá sọ ketekete sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn: *Ẹni tí àga Mínísítà ń dúró dè.*

Fóònù fà á jáde lẹ́ẹ̀kejì, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ohùn tútù. Ẹ̀rọ ìwé pélébé parí tirẹ̀, ó gé e, ìwé náà sì já bọ́ sílẹ̀ níwájú bàtà Mínísítà. Mínísítà mú un, ó kà á láti ìlà kìíní dé ìlà tó gbẹ̀yìn. Kò yára.

"Ọ̀gá," ni ó wí, "àga mi yìí, ó ti rẹ̀ ẹ́ láti dúró ni?"

Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. Ọ̀gá ní kí wọ́n pa gbogbo ẹ̀rọ. Wọ́n pa á. Ó ní kí wọ́n tan án pa dà láìsí ìlà yẹn. Wọ́n tan án, gbogbo rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí *Ẹ kú iṣẹ́, Olùdarí Àgbà*.

"Ẹnjiníà, yọ ọ́!"

"Sà, ẹ ní kó má ṣeé yọ. Ẹ̀rọ àtijọ́ ìsàlẹ̀ nìkan ló lè bí atúmọ̀ tí kò ní i."

"Gba ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ lọ!"

"Ẹ ti ní kí wọ́n gbé e lọ, sà."

Akọ̀wé tẹ̀ sí etí Ọ̀gá láti tù ú nínú. "Bàbá, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Ọ̀gá wò ó bí ẹni tó ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́.

Omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti inú fíríìjì, ó ń ṣàn lọ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Mínísítà nawọ́ sí i. "Ẹ ní yóò ké. Kí ló dé tí kò ké?"

Ẹnjiníà ti gbọ́ bí àpótí náà ṣe parí ìlà ogójì tí ìṣẹ́jú méjì rẹ̀ sì pé. Kò dé ìlà tó gbẹ̀yìn, kò wo fíríìjì, kò ké. Ó ti sùn pa dà. Ẹ̀rù bà á, nítorí ohun tó wà lórí pèpéle yìí ló wà ní ọgọ́ta ilé ìwòsàn láti àárọ̀. Ó fò sílẹ̀, ó gba àárín àwọn àga lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Àǹtí mi, ta ló wà lọ́dọ̀ fíríìjì?"

"Kò sí ẹnì kankan. Wọ́n ní kí gbogbo wa wá."

"Iná wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ jáde?"

Nọ́ọ̀sì ti dìde. Ó ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga.

Wọ́n jọ dé ilé ìwòsàn kékeré náà láàárín ìdajì wákàtí. Àwọn aládùúgbò ní iná ti lọ láti aago méje àárọ̀, àwọn kò sì gbọ́ kí àpótí ké. Àpótí tó wà lára ògiri ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá òfìfo, ó ní òkè tí òkè ń wò lókè, ó sì sùn. Nọ́ọ̀sì ti ọwọ́ bọ inú fíríìjì, ó fi í síbẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìgò abẹ́rẹ́ náà jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú báàgì ohun tí wọ́n fẹ́ dà nù. Àbúrò rẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́. Igba ọmọ ló yẹ kó gbà á ní ọjọ́ kejì.

"Èmi ni mo ṣe é, Àǹtí mi," ni Ẹnjiníà wí. "Wọ́n ní kí n ṣe é, mo sì ṣe é dáadáa."

"Mo mọ̀," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn. "Kó èyí tó wà lẹ́yìn yẹn wá." Kò dá a láre, kò sì dá a lẹ́bi, wọ́n ṣáà jọ kó o tán.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ìwé ìdádúró Ọ̀gá Ẹ-Dìde dé kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìlà méjì péré ni, kò tilẹ̀ kí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, káfíńtà wá sọ ilẹ̀kùn méjì di ọ̀kan. Akọ̀wé jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí pé tipátipá ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ yẹn lé òun lọ́wọ́, àti pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìkíni náà ti ń bí òun nínú. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà igbákejì ọ̀gá, ó gbá àtẹ́lẹwọ́ méjì pọ̀, ó ń wá àwọn tó jókòó.

Ẹnjiníà ní tirẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kọ atúmọ̀ mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀, nínú èdè mìíràn tí kò mọ Ọ̀gá rí. Kò sí ìyá tí yóò bí i mọ́. Ó ní yóò gba òun ní oṣù mẹ́wàá. Títí di ìgbà yẹn, nọ́ọ̀sì ọgọ́ta ló pa dà sí fífi ọwọ́ wo fíríìjì, àwọn àpótí wọn sì ń kí ènìyàn lára ògiri ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, bàbá kan gbé ọmọ oṣù mẹ́rin wá sí ilé ìwòsàn kékeré náà. Kò wọ ohun ńlá kankan. Kò sí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ wọlé, nítorí náà kò sí ẹni tó dìde. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ní kó bá òun gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́, nígbà tí kò ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ìyá. Nígbà tó kàn án, Nọ́ọ̀sì gba káàdì ọmọ náà, ó wò ó, ó mi orí.

"Ẹ má bínú, bàbá. Kò tíì sí abẹ́rẹ́. Èyí tó wà tẹ́lẹ̀ ló bàjẹ́, tuntun kò sì tíì dé. Ẹ gbé e wá lóṣù tó ń bọ̀."

"Kí ló bà á jẹ́?"

Àpótí tó wà lókè orí wọn jí. *Ẹ kú iṣẹ́, Olùdarí Àgbà,* ló wí, *ìmọ̀ tó ń rìn lórí ilẹ̀.*

"Èyí ni," ni Nọ́ọ̀sì wí.

Ó ń kí i lọ. Ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, òmíràn tẹ̀ lé e. Obìnrin kan tó ti gbé ọmọ wá lẹ́ẹ̀mẹta láìrí abẹ́rẹ́ gbà fọwọ́ di etí ọmọ rẹ̀, ó sì yíjú sí bàbá náà. "Ẹ̀yin bàbá, ẹ dà bí ẹni tó mọ̀wé. Ta tilẹ̀ ni ẹni tí wọ́n ń kí yìí, tó gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa?"

Bàbá náà gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ sí èjìká kejì. "Èmi náà ò mọ̀ ọ́n," ló wí.

Nọ́ọ̀sì ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ti wọlé. Ó ti pàtẹ́wọ́ fún un fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú méjìlá. Ó kọ ọjọ́ tuntun sórí káàdì, ó dé ibi tó yẹ kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó gbé ọmọ wá sí, ó sì dá bírò dúró. "Kí ni kí n kọ síbí, sà?"

Bàbá náà gbójú sókè. Àpótí ò tíì dákẹ́.

"Ẹ kọ bàbá àgbà rẹ̀," ló wí. "Ẹ má kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ."